Bí bọ́ọ̀tì bá ní àyẹ̀wò ti yege, ṣé kí a gba ìmúdójúìwọ̀n wọlé láìsí ẹni tó wò ó?

aṣọ́nà béèrè:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mo wà lára àwọn tó ń bójú tó distro Linux kékeré kan, ìyẹn àkójọpọ̀ sọ́fítíwíà tí èèyàn ń fi sórí ẹ̀rọ rẹ̀. A kò pọ̀ rárá, pákéèjì (sọ́fítíwíà tí a dì fún olùlò) tó wà níkàáwọ́ wa sì ju agbára wa lọ, ìdí nìyẹn tí a fi gbé iṣẹ́ ìmúdójúìwọ̀n lé bọ́ọ̀tì lọ́wọ́. Bí àwọn tó kọ sọ́fítíwíà kan bá ti gbé ẹ̀dà tuntun jáde, bọ́ọ̀tì náà á rí i, á yí nọ́ńbà ẹ̀dà padà nínú ìlànà kíkọ́ wa, á kọ́ pákéèjì náà, á ṣe àyẹ̀wò rẹ̀, á sì bi wá bóyá kí òun gbà á wọlé. Bí àmì aláwọ̀ ewé bá ti yọ, ọ̀pọ̀ nínú wa kì í ka ohunkóhun mọ́, a kàn ń tẹ̀ ẹ́ wọlé ni. Nígbà tó ṣe, ẹnì kan dá a lábàá pé níwọ̀n ìgbà tó ti jẹ́ pé títẹ̀ lásán ni à ń tẹ̀ ẹ́, kí bọ́ọ̀tì kúkú máa tẹ̀ ẹ́ fúnra rẹ̀, gbogbo wa sì gbà bẹ́ẹ̀ tayọ̀tayọ̀.

Ohun tó tẹ̀lé e ni mo fẹ́ rò fún yín. Ohun èlò kékeré kan wà nínú distro wa tó ń ṣe ẹ̀dà ìpamọ́ fáìlì lóròòru. Ẹ̀dà tuntun rẹ̀ jáde, bọ́ọ̀tì gbé e, ó kọ́ ọ láìsí wàhálà, àyẹ̀wò yege, ó sì ti dé orí ẹ̀rọ àwọn èèyàn kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́. Àṣé àwọn tó kọ ọ́ ti yí bí ohun èlò náà ṣe ń ka ìlà "exclude" nínú fáìlì ètò padà: àmì ìràwọ̀ kan ṣoṣo, tó jẹ́ pé àwọn fáìlì inú fódà kan péré ló ń tọ́ka sí tẹ́lẹ̀, wá ń tọ́ka sí gbogbo fáìlì pátá. Fáìlì ètò tí àwa fúnra wa fi sínú pákéèjì náà sì ní irú ìlà bẹ́ẹ̀. Odindi ọjọ́ mẹ́sàn-án ni ohun èlò náà fi ń jí lóru, tó ń kọ "0 files" sínú log (àkọsílẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀), tó ń fi kóòdù 0 parí iṣẹ́ bí ẹni tó ṣe dáadáa, tó sì ń padà sùn. Ẹni tí dísìkì rẹ̀ bàjẹ́ ní ọjọ́ kẹsàn-án ló wá sọ fún wa.

Mo padà lọ wo àyẹ̀wò tó yege náà. Ìlà kan péré ni: ó pe ohun èlò náà pẹ̀lú --version, ó sì wò ó bóyá nọ́ńbà tó jáde bá ti ẹ̀dà tuntun mu. Èmi ni mo kọ ọ́.

Ìbéèrè mi nìyí. Ṣé kí a dá bọ́ọ̀tì dúró, kí a padà sí kíkà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, èyí tí a mọ̀ pé a kò lè ṣe tán láé, àbí ọ̀nà kan wà tí àwọn distro ńlá ń gbà tí àwa kékeré lè kọ́? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má kàn sọ fún mi pé kí n kọ àyẹ̀wò púpọ̀ sí i. Mo fẹ́ mọ irú àyẹ̀wò tó yẹ, pákéèjì tó yẹ kó ṣáájú, àti ẹni tí iṣẹ́ náà máa já lé léjìká.

ìlàkejì fèsì:

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ kú ìfaradà. Ohun tí mo kọ́kọ́ fẹ́ sọ ni pé bọ́ọ̀tì yín kò parọ́. Ẹ bi í bóyá nǹkan yìí ń jẹ́ orúkọ tuntun rẹ̀, ó sì dá yín lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, ó ń jẹ́ ẹ. Ẹ̀yin lẹ wá gba ìdáhùn yẹn bí ẹni pé ohun tí ẹ bi í ni bóyá ó ń ṣiṣẹ́.

Kì í sì í ṣe ẹ̀yin nìkan. Ẹ lọ wo àwọn ìbéèrè tí r-ryantm, bọ́ọ̀tì tó ń mú àwọn pákéèjì nixpkgs (àkójọ pákéèjì distro NixOS) dójú ìwọ̀n, máa ń fi ránṣẹ́. Ó máa ń to ohun tó yẹ̀ wò sílẹ̀ kedere: pé pákéèjì náà ṣe é kọ́, pé òun rí nọ́ńbà ẹ̀dà tuntun nínú ohun tí òun kọ́, àti iye àwọn ètò inú rẹ̀ tó dáhùn dáadáa nígbà tí òun pè wọ́n pẹ̀lú --help tàbí irú àṣẹ bẹ́ẹ̀. Bó bá jẹ́ láíbùrárì ni, ìyẹn kóòdù tí àwọn ètò mìíràn ń lò, tí kò ní ètò kankan tí a lè pè, ẹ lè bá a pé ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé "0 of 0 passed binary check". Odo nínú odo ló yege. Mo fẹ́ràn ìlà yẹn gan-an, nítorí pé òótọ́ pọ́ńbélé ni bọ́ọ̀tì náà ń sọ; ẹni tó bá fojú fò ó ló máa rò pé nǹkan kan yege.

Àwọn tó ń ṣe Debian, ọ̀kan lára àwọn distro ńlá, ti rin ọ̀nà yìí jìnnà, ẹ lè yá nǹkan lọ́wọ́ wọn. Ẹ̀ka tí wọ́n ń pè ní unstable ni pákéèjì tuntun máa ń kọ́kọ́ wọ̀. Kò ní kúrò níbẹ̀ bọ́ sí testing, ẹ̀ka tó tẹ̀lé e, títí ọjọ́ 2, 5 tàbí 10 yóò fi pé, gẹ́gẹ́ bí ìkánjú tí alábòójútó rẹ̀ bá kọ sí i lára. Ètò kan tí wọ́n ń pè ní britney ló ń ṣọ́ ẹnu ibodè: ó ń wò ó bóyá pákéèjì náà mú àṣìṣe ńlá tuntun dání, bóyá yóò mú kí pákéèjì mìíràn má ṣe é fi sórí ẹ̀rọ mọ́, àti bóyá àyẹ̀wò tó ń yege tẹ́lẹ̀ ti wá ń kùnà nítorí rẹ̀. Àyẹ̀wò àwọn pákéèjì tó gbára lé e náà sì wà nínú ohun tí wọ́n ń wò, tó fi jẹ́ pé ẹni tó yí láíbùrárì kan padà lè bá a pé ètò tí òun kò fọwọ́ kàn rí ló dá òun dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Ibi tó kan ọ̀rọ̀ yín gan-an nìyí. Ní Debian, bí àyẹ̀wò pákéèjì bá yege, ọjọ́ ìdúró rẹ̀ lè dín kù. Èrè nìyẹn, níbi tí èrè bá sì wà, èèyàn á máa wá ọ̀nà àbùjá, ì báà tiẹ̀ jẹ́ láìmọ̀. Bí a bá kọ àyẹ̀wò onílà kan bíi tiyín kí pákéèjì lè tètè kọjá ńkọ́? Wọ́n ti rí èyí ṣáájú, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní ọ̀rọ̀ kan, "superficial", tí a máa ń kọ sí ìlà Restrictions nínú fáìlì debian/tests/control. Àyẹ̀wò tó bá ní ọ̀rọ̀ yẹn lára ṣì wúlò, nítorí pé bó bá kùnà, ó fi hàn pé nǹkan ti bàjẹ́ pátápátá. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé irú rẹ̀ nìkan ni pákéèjì kan ní, tí gbogbo wọn sì yege, "neutral" ni wọ́n máa kà á sí, kò sì ní rí èrè kankan gbà.

Bó bá jẹ́ èmi ni, àwọ̀ kẹta ni mo máa fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí àyẹ̀wò tó kàn pe --version máa yọ àwọ̀ eérú, kí bọ́ọ̀tì má sì ní ẹ̀tọ́ láti tẹ aláwọ̀ eérú wọlé fúnra rẹ̀.

ayáwọ́ fèsì:

Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó dá bọ́ọ̀tì lẹ́bi tán, ẹ jẹ́ kí n gbèjà rẹ̀ díẹ̀. Ẹ rántí bí nǹkan ṣe rí kí ó tó dé: àlàfo ààbò tí àwọn tó kọ sọ́fítíwíà ti dí tipẹ́ máa ń wà ní ṣíṣí sílẹ̀ lọ́dọ̀ wa fún oṣù púpọ̀, nítorí pé ẹni tó ni pákéèjì náà ń ṣe ìdánwò ilé ẹ̀kọ́ tàbí pé ó ti rẹ̀ ẹ́. Ẹnikẹ́ni kì í kọ ìròyìn nípa irú ìpalára bẹ́ẹ̀ wá fún wa, nítorí náà a kì í kà á mọ́ ìpalára.

Ojú èèyàn náà kì í sì í rí ohun gbogbo. Ní ọdún 2006, èèyàn ni, kì í ṣe bọ́ọ̀tì, ló yọ ìlà kóòdù kan kúrò nínú OpenSSL (sọ́fítíwíà tó ń ṣẹ̀dá kọ́kọ́rọ́ ààbò) ti Debian, nítorí pé ohun èlò ayẹ̀kóòdù kan ń ráhùn nípa rẹ̀. Ó tiẹ̀ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó mọ OpenSSL kó tó yọ ọ́. Ìlà yẹn ló ń da ohun tí kò ṣe é mọ̀ ṣáájú sínú ẹ̀rọ tó ń pèsè nọ́ńbà àìròtẹ́lẹ̀. Bí wọ́n ṣe yọ ọ́, nọ́ńbà ìdánimọ̀ process (ètò tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́) nìkan ló ṣẹ́ kù tó ń yí padà, tó fi jẹ́ pé oríṣi kọ́kọ́rọ́ 32,768 péré ni ẹ̀rọ kan lè ṣẹ̀dá fún irú kọ́kọ́rọ́ kọ̀ọ̀kan. Títí di oṣù Karùn-ún ọdún 2008 ni kò sí ẹni tó kéde rẹ̀. Ó ń kọ́, ó ń ṣiṣẹ́, kọ́kọ́rọ́ ń jáde, kọ́kọ́rọ́ ń ṣí ilẹ̀kùn. Àyẹ̀wò wo ni ì bá pariwo?

Ẹ tún bọ́ọ̀tì ṣe, ẹ má lé e lọ.

onísùúrù fèsì:

Mo gba ohun tí ẹ̀yin méjèèjì sọ, ṣùgbọ́n ẹ kò tíì mẹ́nu kan ohun tó jẹ́ pé òun gan-an ló ń ṣe ọ̀pọ̀ àyẹ̀wò nínú àwọn distro ńlá, ìyẹn ni àkókò àti àwọn tó ń lò ó ṣáájú àwọn yòókù.

Distro Fedora ní Bodhi, ètò tí wọ́n fi ń ṣàkóso ìmúdójúìwọ̀n. Ìmúdójúìwọ̀n á kọ́kọ́ wà ní updates-testing, ẹ̀ka ìdánwò wọn, àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn á fi í sórí ẹ̀rọ wọn, wọ́n á sì fún un ní àmì kan sókè tàbí kan sálẹ̀. Bí àmì rere bá pé iye tí wọ́n dá, tàbí tí ọjọ́ tí wọ́n dá fún un bá pé, ó lè bọ́ sí ọ̀dọ̀ gbogbo ayé. Àléébù ibẹ̀ kò fara sin: èèyàn lè fi í sórí ẹ̀rọ, kó rí i pé ẹ̀rọ òun ṣì tàn, kó sì fún un ní àmì rere láìṣí ètò náà lẹ́ẹ̀kan. Ubuntu tún fi tirẹ̀ kún un. Lẹ́yìn tí ìmúdójúìwọ̀n fún ìtẹ̀jáde tó ti dúró bá ti lo ó kéré tán ọjọ́ 7 ní -proposed, ẹ̀ka ìdánwò tiwọn, díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n máa ń tú u sílẹ̀. Ìdá kékeré nínú àwọn ẹ̀rọ ló máa kọ́kọ́ gbà á, bí ìròyìn jàǹbá bá sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé láti ọ̀dọ̀ wọn, wọ́n á dá a dúró kí ó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn yòókù.

openSUSE Tumbleweed gba ọ̀nà mìíràn, èyí tó wù mí jù nínú gbogbo wọn. Kì í ṣe pákéèjì kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń tú sílẹ̀, odindi distro ni wọ́n ń kó pọ̀ bí àwòrán ọjọ́ náà, openQA á sì fi í sínú ẹ̀rọ àfarawé. Ètò yìí á tẹ bọ́tìnì, á yí asin (mouse), á fi distro náà sórí dísìkì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, á ṣí aṣàwárí íntánẹ́ẹ̀tì, á sì máa fi ohun tó hàn lójú ìbòjú wé àwòrán tó ti wà nílẹ̀. Ohun tó ń bi distro ni ohun tí olùlò máa ń bi í: mo tẹ ibí yìí, ṣé ohun tí mo retí ló yọ? Bí ọ̀pọ̀ àyẹ̀wò bá yọ pupa, wọn kò ní gbé e jáde lọ́jọ́ náà.

Ní ti bí àkókò ṣe ń dáàbò boni, ẹ wo ọ̀ràn xz, ohun èlò tí a fi ń fún fáìlì pọ̀ kó lè kéré. Ẹni tó fi ilẹ̀kùn ẹ̀yìn (ọ̀nà ìkọ̀kọ̀ láti wọ inú ẹ̀rọ) sínú ẹ̀dà 5.6.0 àti 5.6.1 lọ́dún 2024 ti ṣe alábàáṣiṣẹ́ fún bí ọdún méjì kó tó ṣe iṣẹ́ ibi rẹ̀. Inú àwọn fáìlì àyẹ̀wò ló kó kóòdù náà pamọ́ sí, àwọn fáìlì tí a fẹnu sọ pé a kàn ń fi dán ètò náà wò ni, tí kò sì sí ẹni tó máa ń ṣí irú wọn wò. Àṣẹ tó máa yọ ọ́ jáde níbẹ̀ kò sì pé nínú git, ibi tí kóòdù wà ní gbangba. Inú àpò tarball (fáìlì tí a di kóòdù ẹ̀dà tuntun sí) tí distro ń gbà ni ó pé sí. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ìrìnàjò aládàáṣiṣẹ́ wa ṣe gbé e, tó sì dé unstable àti testing ti Debian, Tumbleweed, àti ẹ̀dà àdánwò Fedora. Debian 12, tó jẹ́ stable nígbà náà, kò kó o, nítorí pé ẹ̀dà àtijọ́ ló wà níbẹ̀. Ẹni tó rí i, Andres Freund, kì í ṣe aṣàyẹ̀wò distro. Iṣẹ́ PostgreSQL, ètò database kan, ló ń bá lọ, tó ṣàkíyèsí pé wíwọlé sórí ẹ̀rọ láti ọ̀nà jíjìn nípasẹ̀ ssh ń pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ ní nǹkan bí ìdajì ìṣẹ́jú àáyá. Ọjọ́ 29 oṣù Kẹta ló kéde rẹ̀. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ jẹ́ kí gbogbo ohun tí bọ́ọ̀tì bá gbé wá lo ọ̀sẹ̀ kan níbì kan kí ó tó dé ọ̀dọ̀ olùlò, àyàfi àtúnṣe ààbò.

adánwò fèsì:

Pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ọ̀gá onísùúrù, ọ̀sẹ̀ kan kò ní ran aṣọ́nà lọ́wọ́. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni ohun èlò rẹ̀ fi ń tú odo jáde lọ́wọ́ àwọn olùlò gidi, ẹnikẹ́ni kò sì mọ̀. Àkókò máa ń ṣàyẹ̀wò ohun tó ń pariwo bó bá bàjẹ́, bí ìbòjú tó ṣókùnkùn tàbí ètò tí kò ṣí mọ́. Ohun tó bá bàjẹ́ jẹ́ẹ́, tí iṣẹ́ rẹ̀ sì jẹ́ pé ọjọ́ kan ṣoṣo lọ́dún la máa nílò rẹ̀, ẹ lè fi í sílẹ̀ fún oṣù mẹ́fà.

Mo fẹ́ dáhùn ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí aṣọ́nà béèrè ní tààrà.

Ní ti pákéèjì tó yẹ kó ṣáájú, ẹ má ṣe fi iye tó ń lò ó ṣe òdiwọ̀n, ẹ fi ohun tó lè bàjẹ́ láìsí ariwo ṣe é. Ohun tó ń tọ́jú fáìlì, ohun tó ń pa fáìlì rẹ́, ohun tó ń yẹ ọ̀rọ̀ aṣínà wò, ohun tó ń yí database láti ẹ̀dà kan sí òmíràn. Wọn kò pọ̀. Èyí tó ń yí àwọ̀ ojú terminal padà lè máa gba ọwọ́ bọ́ọ̀tì wọlé títí ayé.

Ní ti irú àyẹ̀wò, ibi tí ẹ ti ṣe àṣìṣe kì í ṣe inú kóòdù àwọn tó kọ ohun èlò náà. Àyẹ̀wò tiwọn lè yege kó tó ọgọ́rùn-ún, nítorí pé ìtumọ̀ tuntun tí wọ́n fún ìràwọ̀ ni àyẹ̀wò tuntun wọn ń dán wò. Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀: ẹni tó yí ìwà ètò padà ló yí àyẹ̀wò rẹ̀ padà pẹ̀lú, inú àpò kan náà ni méjèèjì sì ń bá dé. Ibi tí nǹkan ti ya ni ibi tí fáìlì ètò tiyín ti pàdé ẹ̀dà tuntun tiwọn, kò sì sí ẹlòmíràn láyé tó lè dán ibẹ̀ wò bí kò ṣe ẹ̀yin. Nítorí náà, àyẹ̀wò yín gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti inú ẹ̀dà àtijọ́: ẹ fi ẹ̀dà àtijọ́ sórí ẹ̀rọ àfarawé pẹ̀lú fáìlì ètò tí ẹ ń fi ránṣẹ́, ẹ ṣẹ̀dá fáìlì mẹ́ta, ẹ mú ohun èlò dójú ìwọ̀n, ẹ jẹ́ kó ṣe iṣẹ́ òru rẹ̀, ẹ pa fáìlì mẹ́ta náà rẹ́, ẹ gbà wọ́n padà láti inú ìpamọ́, kí ẹ sì fi wọ́n wé ti tẹ́lẹ̀. NixOS ti ní irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ tó ń tan ẹ̀rọ àfarawé, channel wọn, ọ̀nà tí ìmúdójúìwọ̀n ń gbà dé ọ̀dọ̀ olùlò, kì í sì í sún síwájú bí àwọn kan pàtàkì nínú wọn bá kùnà, nítorí náà ẹ lè wo bí wọ́n ṣe kọ tiwọn.

Ní ti ẹni tó máa kọ ọ́, ẹni tó fi fáìlì ètò kún pákéèjì ni. Ẹni tí kò bá fẹ́ kọ àyẹ̀wò, kó fi ti àwọn tó kọ sọ́fítíwíà sílẹ̀ bó ṣe wà.

Ohun kan kù. Kí ẹ tó gba àyẹ̀wò kankan gbọ́, ẹ mọ̀ọ́mọ̀ ba ohun tó ń ṣọ́ jẹ́, kí ẹ wò ó bóyá ó máa yọ pupa. Ẹ fi ìwé àṣẹ òfìfo (script tí kò ṣe nǹkan kan) tó kàn ń parí pẹ̀lú kóòdù 0 rọ́pò ètò náà, kí ẹ sì ṣe àyẹ̀wò rẹ̀. Ohun tí ẹ máa rí lè yà yín lẹ́nu.

aṣọ́nà fèsì:

Ẹ ṣeun gan-an, gbogbo yín. Mo ti ka èyí fún àwọn ẹlẹgbẹ́ mi, a sì ti bẹ̀rẹ̀. Àwọ̀ eérú tí ìlàkejì dá lábàá ti wà lẹ́nu iṣẹ́ láti ọjọ́ Ajé; bọ́ọ̀tì kò lè tẹ àwọn yẹn wọlé mọ́, a sì rí i pé wọ́n ju ìdajì ohun tó ń gbé wá lọ. Àtúnṣe ààbò nìkan la fi sílẹ̀ fún un, kí ọ̀rọ̀ ayáwọ́ má bàa ṣẹ sí wa lára.

Ọ̀sẹ̀ kan tí ọ̀gá onísùúrù dá lábàá, a kò tíì fẹnu kò lórí rẹ̀. Àwọn olùlò wa kò pọ̀ tó, bóyá ni ẹni méjì máa gbà láti jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tó ń lò ó.

Mo ti kọ àyẹ̀wò ohun èlò ìpamọ́ náà bí adánwò ṣe là á sílẹ̀. Nígbà tí mo dá ẹ̀dà tó fa wàhálà padà, ó yọ pupa níbi tó ti fẹ́ gba fáìlì kìíní padà, ara mi sì fúyẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo mú ìwé àṣẹ òfìfo yẹn, mo fi í rọ́pò ètò inú ogún pákéèjì tí àyẹ̀wò wọn kì í ṣe aláwọ̀ eérú, àwọn tí ọkàn wa balẹ̀ lé lórí jù. Mẹ́jọ ṣì ń yọ àwọ̀ ewé. Ọ̀kan nínú wọn ni ohun èlò tó ń yẹ ọ̀rọ̀ aṣínà wò: àyẹ̀wò rẹ̀ ń fi ọ̀rọ̀ aṣínà tó tọ̀nà wọlé, ó sì ń yọ̀ pé wọ́n gbà á, ṣùgbọ́n kò sí ìlà kankan níbẹ̀ tó fi èyí tí kò tọ̀nà dán an wò. Ibẹ̀ ni mo wà báyìí.